Ta Ló Ń Jẹ Ilé Wadleigh?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, 1893

Yìnyín tún já sílẹ̀. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn abà màlúù. Alden ọmọ mi fi bàtà wọ́ yìnyín bò ó, ó rò pé ojú mi ti fọ́. Ojú mi kò fọ́. Èmi ni mo bí i, mo mọ bó ṣe ń rìn tó bá ń fi nǹkan pamọ́ — bí ajá tó jí ẹran jẹ. N kò sọ fún un pé mo rí i. N kò sọ fún Roxana ìyàwó rẹ̀. Ìwé yìí ni mo sọ fún, torí kò lẹ́nu.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Lyman, àkọ́bí Alden, nìyẹn. Ọdún tó kọjá ni a sin ín. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Philena ọmọbìnrin mi nìyẹn — ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa bíi ti ìyàwó tuntun, ara ń gbẹ, ẹnu sì ń sọ pé ara òun ti ń yá. Philena kú nínú oṣù kìíní. Ilẹ̀ le bí irin, ṣọ́bìrì kò wọ̀ ọ́. Ó wà nínú ilé òkú olókùúta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti gbogbo ẹni tó kú nígbà òtútù yìí, wọ́n ń dúró kí ilẹ̀ rọ̀. Ṣe ni wọ́n tò wọ́n bí àpótí ápù.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.  

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì

Mo tún fi bébà àti ọ̀rá ẹran dí ihò fèrèsé. Afẹ́fẹ́ òru ni ọ̀tá. Ìyá mi ló kọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Roxana ránṣẹ́ pe dókítà lẹ́yìn mi. Nínú ilé tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́!

Dókítà tuntun, Hallock. Kò tí ì lo ọdún kan nílùú. Ẹsẹ̀ gígùn, ọrùn gígùn, kọ́là funfun — Lékeléke ni mo sọ ọ́. Ó tẹ etí mọ́ àyà Alden, ó gbọ́ ohun tí gbogbo wa ti mọ̀. Ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ òru, ó ní. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Kòkòrò ni — kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń gbé, ẹnu ẹnìkan ló ti ń bọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Mo ní ṣé ó ti rí i rí. Ó ní òun rí i nínú awò òun tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

Mo ní, "Èmi náà ń rí ọkọ mi tó ti kú, nínú àlá."

Alden rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Lékeléke ní kí olúkúlùkù ní ife tirẹ̀. Ó wo ife onírin tó so mọ́ etí garawa omi wa, ife tí gbogbo ilé ti fi ń mumi láti ìgbà tí mo ti wọlé níyàwó. Ó wò ó bí ẹni rí ejò. Ó ní kí a ṣí fèrèsé. Nínú oṣù kẹta! Ó ní kí Tirzah má sùn ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Tirzah, ọmọ Alden tó kù, ọmọ ọdún méje. Ológoṣẹ́ mi. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Èmi ni mo ń bá a rún ẹran lẹ́nu kí eyín rẹ̀ tó hù. Títí di òní kò ní jẹ nǹkan gbígbóná àfi tí mo bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọmọ àná wá ní kí n lé e kúrò lẹ́yìn mi.

Inú bí mi, mo wúkọ́. Lékeléke yíjú.

"Ìyá, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń wú ikọ́ yẹn?"

"Kí wọ́n tó já bàbá rẹ lẹ́nu ọmú. Ikọ́ òtútù ni. Ọdọọdún ló ń dé, ọdọọdún ló ń lọ. Àlejò mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò kéékèèké kalẹ̀ fún àgbà ilé, ó ní kí a wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ sínú rẹ̀. Mo ní kó gbé tèmi lọ. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ ọmọ, ẹnikẹ́ni kò tí ì ní kí n tutọ́ sígò. Ó fi í sílẹ̀ sórí pẹpẹ. Mo tì í sẹ́yìn àpótí iyọ̀.

Nígbà tó lọ tán, mo bu omi mu nínú ife wa. Mo mu ún dé ìsàlẹ̀. Roxana ń wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn. Ìdílé tó ń kú, ẹ jìnnà sí i. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn míì rí. Mo gbé orí mi sókè. Fìlà dúdú mi ló dára jù nínú ilé Ọlọ́run lónìí.

Mo ń rò ó láti àárọ̀. Ìyá ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù ni, wọ́n fi abẹ tú u jáde lára àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi funfun. Ìyá mi ní ìkùukùu àbàtà ni. Ọkọ mi ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá òun ni, bí irun pupa. Lékeléke ní itọ́ ni. Ọ̀rọ̀ dá gbogbo wọn lójú bí àdúrà. Gbogbo wọn ló sì ń sin òkú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Ọjọ́ ìpàdé ìlú. Àwọn ọkùnrin lọ dìbò lórí ọ̀nà àti afárá. Èmi àti Roxana ń ran aṣọ.

Alden bá Ọ̀gá Òkú padà dé. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Jotham Fisk, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, aládùúgbò wa, òun ló ń tọ́jú ilé òkú, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ṣe wọnjanwọnjan ní ìbàdí rẹ̀. A jọ ṣe ọmọdé ni. Kò bọ́ fìlà. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni.

"Ìyá Alden, wọ́n sọ̀rọ̀ yín ní ìpàdé."

"Wọ́n ṣe afárá ni àbí wọn kò ṣe é?"

"Wọ́n ní ẹnìkan nínú àwọn òkú yín kò sùn. Ó ń jẹ àwọn tó kù láti inú pósí. Philena ni wọ́n dárúkọ. Òun ló kú kẹ́yìn. Ní kété tó kú ni àìsàn mú Alden."

Mo mọ ohun tó kàn, kó tó sọ ọ́. Ẹ ṣí pósí. Ẹ wo ọkàn rẹ̀. Tí ẹ bá bá ẹ̀jẹ̀ tútù níbẹ̀, ẹ sun ún, ẹ po eérú rẹ̀ mọ́ omi fún aláìsàn. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí Tirzah, wọ́n ṣe é ní òkè kejì. Orí irin alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti sun ọkàn náà. Wọ́n kó àwa ọmọdé lọ dúró nínú èéfín rẹ̀, pé yóò dáàbò bò wá. Òórùn yẹn. Ọmọkùnrin tó mu eérú náà kú kí koríko tó hù.

Mo ní, "Jotham, ẹlẹ́dẹ̀ tí a pa nígbà Kérésì ń bẹ lókè àjà mi. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣì pupa. Òtútù kan náà ló wà ní ilé òkú. Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ mi ló ń jẹ wá?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ẹbí yín."

"Ó sàn ju ẹbí míì lọ."

Ó ní kò sí ẹni tí yóò ṣí pósí láìjẹ́ pé ilé gbà. Ó ń wo Alden. Kò wò mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Alden fẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ó jókòó sí ibi ààrò, ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ adìyẹ. "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí," ló wí. Ọkùnrin yìí ti gbé màlúù jáde nínú odò dídì rí. "Tí ó bá jẹ́ òun ni ńkọ́? Tí ó bá kan Tirzah ńkọ́?"

Mo ní ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan ọmọ mi, èmi yóò fi àáké kàn án.

Roxana ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, irọ́ àwọn arúgbó, kí Alden sùn síta sí ìloro kó máa gba afẹ́fẹ́ bí dókítà ṣe wí. Mo ní ìwọ lo fẹ́ pa á. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Kí lẹ fẹ́? Ohun tí ẹ kò fẹ́ nìkan lẹ ń sọ."

 Mo lọ fún ẹran lóúnjẹ nígbà tí kò tó àsìkò.

Òótọ́ tí n kò lè sọ fún wọn: kì í ṣe pé n kò gba ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Òkú gbọ́. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jókòó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Oòrùn. Omi igi ṣúgà, èyí tí a ń gbà lára igi láti fi se ṣúgà, bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú garawa. Alden kò lè gbé garawa, èmi ni mo ń gbé e. Ẹ wo arúgbó! Mo rìn nínú yìnyín tó dé orúnkún, mo wúkọ́, mo tutọ́, mo gbé òmíràn. Kí Lékeléke wá gbé e bó bá jẹ́ ọkùnrin.

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì dúdú lálẹ́.

Ológoṣẹ́ wúkọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀wà ló há a lọ́fun ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ẹ̀wà ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti tutọ́ sí ìgò náà.

Bó ṣe rí nìyí. Ọ̀gá Òkú tún wá. Ó ní òun wá rán wa létí, pé àwọn èèyàn ń bínú, pé tí a kò bá ṣe é, ó lè kan ilé tiwọn. Roxana ń gbọ́. Nígbà tó lọ tán, ó ní, "Ìyá, tí dókítà bá rí kòkòrò náà nínú ìgò Alden, a ó ní nǹkan tí a fi máa dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ tiyín pẹ̀lú. Ó ní tiyín gan-an lòun fẹ́."

"Kí nìdí?"

Ó lọ da igi sínú ààrò. Ó mọ̀ àbí kò mọ̀, n kò lè sọ.

Ó dára. Kí ó wò ó. Ọmọ ilé Colburn ni mí kí n tó di Wadleigh, àwọn tiwa kì í kú kí wọ́n tó dàgbà dàgbà. Kí ó rí bí àyà mi ṣe mọ́ tó. Kí ó wá bẹ̀ mí. Mo wú u láti ìsàlẹ̀ ikùn, mo fi aṣọ di ẹnu ìgò, mo fún Roxana bí ẹni fún ọba ní ẹ̀bùn. Ó gbé e lọ sílùú pẹ̀lú ti Alden àti tirẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ń se omi igi. Èéfín. Ṣúgà jóná lẹ́ẹ̀kan torí pé mo ń wo ọ̀nà. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Lékeléke ránṣẹ́ pé kí n wá fúnra mi. Mo sọ fún Roxana pé iyọ̀ ni mo ń lọ rà. Mo di ẹṣin mọ́ ọkọ̀ yìnyín, mo lọ.

Yàrá rẹ̀ ń rùn bí ọtí kíkan. Awò náà jẹ́ idẹ, ó dúró bí adìyẹ tó ń ṣá ọkà. Ó ní kí n fi ojú sí i. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ fọ́ mi lójú. Lẹ́yìn náà, búlúù — gbogbo rẹ̀ búlúù bí ojú ọ̀run ìgbà ìkórè. Nínú búlúù náà, igi pupa tín-ín-rín, tín-ín-rín, bí ẹni da abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Òmíràn dá wà. Òmíràn ṣùjọ. Mo ti rò pé yóò lójú. Mo ti rò pé yóò léyín. Kò mira rárá.

Mo ní, "Ó mà pọ̀ lára Alden o."

"Ti Alden kọ́, Ìyá. Tiyín ni."

Ó yọ dígí kékeré náà, ó fi òmíràn sí i. Ti Alden. Mo ní láti wá abẹ́rẹ́ kí n tó rí. Ó fi tèmi padà. Mo wò ó. Mo tún wò ó. Mo nu ojú mi, mo wò ó.

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ní mo gbé garawa láàárọ̀ yìí. Mo ní kò sí ẹni tó le tó mi lórí òkè wa.

Ó ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ara yín le. Ó ti mọ odi yí i ká, kò lè pa yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wúkọ́, ó ń jáde. Ẹlòmíì ò ní irú odi yẹn." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ká ní ó pariwo ni, n bá mọ bí mo ṣe máa lù ú. Ó ní òun kò ní dá mi lẹ́bi, pé àwọn tó kọ́ òun gan-an kò mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, pé kò tí ì pẹ́ rárá tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé mọ̀ ọ́n.

Mo béèrè Lyman.

Ó ń nu dígí tó ti mọ́.

Mo béèrè Philena. Inú yàrá mi ló ń gbé nígbà òtútù, torí pé ààrò wà níbẹ̀. Síbí kan náà ni mo fi ń fún un lọ́bẹ̀.

"Ìyá, n kò lè búra. Kò sẹ́ni tó lè búra sí i." Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Ológoṣẹ́ ńkọ́? Ó ní òun yóò wá fetí sí àyà rẹ̀. Ó ní ọmọdé lè gbà á kó má tí ì hàn. Lẹ́yìn náà ó béèrè: "Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ fún wọn, àbí kí n sọ ọ́?"

"Ilé mi ni," ni mo wí. "Ẹnu mi ni."

Mo dé ilé, n kò ra iyọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Irọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

N kò tí ì sọ ọ́.

Orí àga ni mo sùn lánàá àti níjẹta, nínú ilé ìdáná. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ológoṣẹ́ sunkún, ó ní kí ni òun ṣe. Ó mú kúbùsù rẹ̀ tọ̀ mí wá, mo gbá a lẹ́sẹ̀. N kò gbá ọmọ yìí rí. Roxana dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí bí ẹni ń wo aṣiwèrè.

Mo wúkọ́ sínú aṣọ, mo ju aṣọ sínú iná. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀? Bó bá jẹ́ ẹkùn ni, n bá ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín.

Alden ṣubú lulẹ̀ lónìí nínú abà. Ẹ̀jẹ̀ kún àwo. Nígbà tí a gbé e wọlé, ó ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Òkú pé òun ti gbà. Òun ni olórí ilé. Ọjọ́ Ajé, láàárọ̀.

Tí mo bá dákẹ́, Philena ni yóò ru ẹrù yìí. Gbogbo ìlú yóò máa pè é ní ẹni tó jẹ àbúrò rẹ̀. Wọn yóò la àyà rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ — ṣé wọ́n á gbà mí sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ta ni yóò jókòó tì mí? Fìlà dúdú mi.

Mo ń rìn káàkiri ilé. Pákó ń dún. Mi ò lè jókòó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kìíní nìyí láìṣe pé mo bímọ.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀ kí n má baà yí i padà lọ́kàn mi.

Mo ti dé ilé òkú ṣáájú wọn. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dé: Ọ̀gá Òkú, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọkùnrin mélòó kan láti òkè kejì, àti Alden tí wọ́n fi kúbùsù wé sínú ọkọ̀ yìnyín. Roxana bá a wá, ojú rẹ̀ wú. Wọ́n gbé igi, wọ́n gbé páànù irin, wọ́n gbé ìgò ńlá ọtí ápù, torí àwọn ọkùnrin wa kì í ṣe iṣẹ́ tó wúwo, ìbáà ṣe kí wọ́n gbé òrùlé tàbí kí wọ́n gbẹ́ sàréè, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbé ife kan yí ká. Ẹni tó bá kọ ife náà, kò sí nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá Òkú ní, "Ìyá Alden, ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ má dójú ti ara yín."

Mo ní, "Kì í ṣe Philena. Èmi ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Òkú fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ bá mi sọ̀rọ̀: "Ọ̀fọ̀ ló ń da ọkàn yín rú. Òkú ló ń jẹ èèyàn. Alààyè ń jẹ ẹ̀wà."

Mo sọ fún wọn. Awò. Búlúù. Pupa. Pé mo ti gbé e láyà láti ìgbà èwe mi, pé ó ń bá ikọ́ jáde. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ bíi Lékeléke. Ó ń dà rú lẹ́nu mi. Mo rí i lójú wọn pé arúgbó tó ti ya wèrè ni mo jẹ́. Ọmọ Ọ̀gá Òkú ti ń fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo bá já ife gbà. Mo bu ọtí ápù kún un. Mo wú ikọ́ mi, èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, mo fi ẹnu kan ife náà, mo mu ún dé ìdajì. Mo nà án sí Ọ̀gá Òkú.

"Ìwọ tí ó dá lójú. Mu ún. A ti jọ ń mu láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé, Jotham. Tí ó bá jẹ́ òkú nìkan ló ń jẹ èèyàn, kí lo ń bẹ̀rù?"

Kò gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó padà.

Mo nà án sí ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Mo nà án sí èkejì. Mo gbé e yí gbogbo wọn ká, bí a ti ń gbé e yí ká. Kò sí ẹni tó pè mí ní wèrè mọ́. Kò sí ẹni tó wò mí lójú. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé òótọ́ ni. Awò yẹn kò tí ì mú mi gbà. Ọwọ́ Jotham tó padà sẹ́yìn ló mú mi gbà.

Alden bá dìde nínú ọkọ̀. Kúbùsù bọ́ lára rẹ̀. Ó ń bọ̀, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá, Màmá. Èmi á mu ún." Kí ojú má baà tì mí. Ọmọ mi. Láàárín gbogbo ọkùnrin yẹn.

Mo da ọtí náà sórí yìnyín. Mo ju ife sẹ́yìn ògiri.

Ọ̀gá Òkú yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n kó igi wọn lọ. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ní ọ̀nà jíjìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti kó lọ sí àgọ́ tí a ti ń se ṣúgà nínú igbó. Ibùsùn, Bíbélì, ìkòkò kan. Roxana bá mi gbé ibùsùn, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Láàárín ọ̀nà ó dúró.

"Láti ọjọ́ wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀! Ẹ dákẹ́ láti Ọjọ́bọ̀! Tirzah wà ńlé!"

"Mo lé e lọ́dọ̀ mi. O rí mi."

"Ẹ gbá a! Ó rò pé ẹ kórìíra òun! Ẹ̀yin àti ìgbéraga yín!" Ó sọ ẹsẹ̀ ibùsùn sílẹ̀ sínú yìnyín. Mo dúró. Mi ò bínú. Èmi náà ì bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sunkún tán, ó gbé ibùsùn padà, a ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Roxana ń gbé oúnjẹ sórí kùkùté, ó ń padà. Ó ní Alden ti ń sùn ní ìloro, wọ́n ti ṣí gbogbo fèrèsé, fìlà onírun wà lórí rẹ̀. Ibà rẹ̀ kò tí ì lọ. Ó ní Lékeléke ti fetí sí àyà Tirzah. Kò gbọ́ nǹkan kan. "Kò tí ì," ló wí. Kí a ṣọ́ ọ títí ìgbà ìkórè.

Kò tí ì. Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn tí èèyàn ó máa bá sùn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Omi igi ń kán dáadáa. Mo ń se é, kí ọwọ́ mi má baà ṣòfò. Mi ò ní fi ẹnu kàn án. Ojú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sán, Ológoṣẹ́ sá kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo gbójú sókè, ó ti wà láàárín àwọn igi. Ó ti da oje ṣúgà gbígbóná láti ààrò ilé sórí yìnyín nínú àwo, bí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣe, ó ti dì, ó gbé e wá. "Màmá àgbà, ẹ tọ́ ọ wò kí n tó jẹ ẹ́!"

Mo ní kó padà. Ó rò pé eré ni. "Ẹ yanu," ló ń wí, "ẹ yanu, mò ń bọ̀!" Ó ń sáré bọ̀.

Mo mú igi ìdáná. Mo jù ú. Kò bà á, ó bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, yìnyín ta sí i lójú. Mo pariwo mọ́ ọn, mo fi orúkọ burúkú pè é. Mo mú igi kejì.

Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú padà, ó sá lọ, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà, mo di ìmí mú. Ó sá gba ibi igi tó wó, ó gba ẹ̀gbẹ́ abà, ó ṣubú, ó dìde, ẹkún náà sì ń lọ, ó gùn, ó le, kò já. Mo fetí sí i títí ilẹ̀kùn fi pa dé lórí rẹ̀.

Kò sí ikọ́ nínú rẹ̀.